Kọnkéré, Íńtálọ́ọ̀kì, Koríko, Òkúta Wẹ́wẹ́ tàbí Pèpéle Ìdí Igi: Èwo Ló Bá Àgbàlá Yín Mu ní Ìlọrin?

Ẹni tó bá ń kọ́lé ní Tankẹ̀ tàbí Gáà-Àkànbí lónìí, àgbàlá ló sábà máa ń gbẹ̀yìn iṣẹ́. Ilé ti gbéra, wọ́n ti kan òrùlé, wọ́n ti kun ọ̀dà, ó wá ku ilẹ̀ tó yí ilé ká. Bíríkìlà á ní kí ẹ da kọnkéré sí i kí ọkàn yín balẹ̀. Ìyàwó á ní koríko lòun fẹ́, irú èyí tó máa ń wà níwájú òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rẹ́ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tiẹ̀ á ní íńtálọ́ọ̀kì ni, kò sí méjì. Bàbá tó wá kí yín láti Òmù-Àrán á wò yíká, á ní, "Igi dà?"

Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ọ̀nà márùn-ún ni mo fẹ́ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbí, kí ẹ lè mú èyí tó bá ilẹ̀, àpò àti ìgbésí ayé yín mu. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èrò tèmi: kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó yẹ kó dá bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Ibi tí ẹ ó tẹ́ òkúta sí àti ibi tí ẹ ó fi erùpẹ̀ sílẹ̀ fún igi àti ewéko, òun gan-an ni iṣẹ́. Omi ló sì yẹ kó pín in, kì í ṣe ojú.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Omi òjò ni àkọ́kọ́. Òjò tó ń rọ̀ ní Ìlọrin tó nǹkan bíi milimítà 1,200 lọ́dún, láàrin oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń dé. Òjò milimítà kan lórí ilẹ̀ sikuéà mítà kan, lítà omi kan nìyẹn. Pulọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà fún wa, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, fẹ̀ tó sikuéà mítà 464. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tó milimítà 40 ní ọ̀sán ọjọ́ kan, omi tó já lé pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ju lítà 18,000 lọ. Ẹ wo táńkì dúdú onílítà 1,000 tó wà lókè lọ́hùn-ún, kí ẹ fi ojú inú to méjìdínlógún irú rẹ̀ jọ. Ibo ni ẹ fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ gbà? Bí ilẹ̀ bá ti di líle tán, ẹnu géètì ni yóò gbà jáde, á bọ́ sójú títì tí kò ní gọ́tà, á sì forí lé ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò Àsà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń já sí. Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àgbàlá ni onílé ti ń bẹ̀rẹ̀ àìgbà yẹn.

Omi ẹ̀ẹ̀rùn ni èkejì. Láti oṣù kọkànlá wọ oṣù kẹta, òjò ò fi bẹ́ẹ̀ sí, ọyẹ́ ń fẹ́, kànga ń fà. Ohunkóhun tí ẹ bá gbìn, ẹ béèrè kí ẹ tó gbìn ín pé ta ni yóò máa bomi rin ín ní oṣù kejì. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ "a ó máa rí ṣe," ẹ má gbìn ín.

Lẹ́yìn náà ni ẹrù tí ilẹ̀ máa gbé. Ọkọ̀ mélòó ló ń wọlé? Ṣé táńkà omi máa ń wá? Ìnáwó ńkọ́? Ní Ìlọrin, wọ̀límọ̀, ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ò kúrò nínú àgbàlá bí gbọ̀ngàn ti pọ̀ tó. Wọ́n á na kánópì, wọ́n á to àga rọ́bà, àwọn alásè á gbé àdògán kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ilẹ̀ tí kò gba kánópì á dá wàhálà sílẹ̀ láàrin ẹbí.

Ooru náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹta, ọ̀sán Ìlọrin máa ń wọ 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ líle tí kò sí igi lórí rẹ̀ á mu oòrùn yẹn látàárọ̀, á máa tú u padà sínú yàrá yín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní ti owó, mi ò ní kọ náírà síbí, nítorí iye sìmẹ́ńtì tí mo bá kọ lónìí lè ti yí kí ẹ tó kà á. Ìwọ̀n ohun èlò ni mo máa sọ, kí ẹ lè fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ yín sọ ọ́ di owó.

Kọnkéré

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sáré mú un. Bíríkìlà tó kọ́ ilé náà ló máa dà á, kò sí pé ẹ tún ń wá oníṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá ń bomi rin ín dáadáa, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ọkọ̀ kékeré lè gun orí rẹ̀. Ó rọrùn gbá, kánópì ò bà á lẹ́rù, àga ò rì.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Sikuéà mítà 100 tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, mítà kúbíìkì 10 ni kọnkéré rẹ̀. Tí wọ́n bá pò ó ní ọ̀kan-méjì-mẹ́rin, ìyẹn sìmẹ́ńtì ọ̀kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, sìmẹ́ńtì á lé ní àpò 60. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àpò 30 á tó, kì í ṣe kọnkéré ló fẹ́ dà, ẹ̀kọ ni. Ó tún yẹ kí wọ́n gé e sí pátákó pátákó, bíi mítà mẹ́ta mẹ́ta, kó lè ráyè sún kì bó ṣe ń gbẹ, kó sì lè fẹ̀ nígbà ooru. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fúnra rẹ̀ ló máa yan ibi tó fẹ́ ti sán. Kí ó dagẹ̀rẹ́ kúrò lára ilé ní sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Bí páìpù bá bẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ ó fọ́ ọ ni, ojú àpá náà ò sì ní lọ mọ́.

Bí kọnkéré bá ti di dandan, ẹ fi mítà kan sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri yíká fún erùpẹ̀, kí dagẹ̀rẹ́ ọ̀hún sì darí omi síbẹ̀. Ewéko inú ìkòkò náà lè wọ̀ ọ́, àwọn amọ̀kòkò Dada ní Òkè-Lélé sì wà nítòsí. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n lu ihò sí nídìí dára ju rọ́bà tí oòrùn máa ń fọ́ lọ. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ inú ìkòkò kì í pẹ́ gbẹ. Ní àkókò ọyẹ́, ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa bu omi sí i.

Tèmi ni pé kí kọnkéré dúró sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, ibi ìfọṣọ, ìdí kànga, àti ẹ̀gbẹ́ ilé tóóró tí oòrùn ò dé.

Íńtálọ́ọ̀kì

Èyí ló gbòde, òun ni mo sì fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí òun ni ènìyàn lè ṣe dáadáa jù tàbí bàjẹ́ jù.

Oríṣi méjì ni ẹ ó máa gbọ́: èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 6 àti èyí tó tó 8. Mẹ́fà tó fún ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí táńkà omi tàbí ọkọ̀ akẹ́rù bá máa ń wọlé, mẹ́jọ ni. Kì í ṣe orí erùpẹ̀ lásán ni wọ́n ń tò ó. Wọ́n á gún ilẹ̀ pupa tàbí yangí wẹ́wẹ́ kó le kọ́kọ́, wọ́n á tẹ́ yanrìn sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lé e, kí wọ́n tó tò ó. Kẹ́ẹ̀bù tí wọ́n fi kọnkéré gbé dúró ni yóò dì í mú létí. Níbi tí wọ́n bá ti fo kẹ́ẹ̀bù, etí á kọ́kọ́ ṣí, ìyókù á sì tẹ̀ lé e. Yanrìn kíkúnná ni wọ́n ń gbá sáàárín rẹ̀. Àwọn kan ń po sìmẹ́ńtì sí i "kí koríko má bàa hù". Ẹ má gbà. Omi tí ì bá rí ibi wọ̀ díẹ̀ ò ní rí ibi wọ̀ mọ́.

Díẹ̀ ni mo sọ. Àwọn tó ń tà á máa ń ní íńtálọ́ọ̀kì ń mu omi. Ó ń mu, àmọ́ kò tó nǹkan. Bí òjò bá le, ọ̀pọ̀ omi náà á ṣàn lórí rẹ̀ bó ṣe ń ṣàn lórí kọnkéré. Èyí tó ń mu omi lóòótọ́ ni búlọ́ọ̀kù oníhò tí koríko ń hù láàárín rẹ̀, ó sì dára níbi tí ọkọ̀ ń dúró sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó wọ bàtà gogoro ò ní yìn yín fún un ṣáá.

Ohun tó fi ń ta kọnkéré yọ ni pé ó ṣeé tú. Páìpù bẹ́? Wọ́n á kó mélòó kan kúrò, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tò ó padà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Nígbà tí ẹ bá lọ rà á, ẹ mú méjì kí ẹ gbá wọn mọ́ra. Èyí tó dára á dún ketekete, etí rẹ̀ ò sì ní máa bó lábẹ́ èékánná. Kọnkéré lòun náà, ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n ń bomi rin tiwọn níbi tí wọ́n tò ó sí.

Wàyí o, ibi tí ewéko ti ń pàdé íńtálọ́ọ̀kì. Ẹ rìn yí àdúgbò yín ká, ẹ ó rí i: wọ́n á to íńtálọ́ọ̀kì, wọ́n á wá mọ kẹ́ẹ̀bù ga yí ibi òdòdó ká, bí ìdúró ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó mọ́ lójú. Àmọ́ nígbà tí òjò bá rọ̀, omi á gba ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀bù náà kọjá, á jáde ní géètì, òdòdó tó wà lókè ò ní rí ju èyí tó já lé e lórí lọ. Ní ọjọ́ kẹrin ẹ ó wá fa ọ́ọ̀sì láti ẹnu kànga wá bomi rin ín. Òjò lẹ lé jáde, ẹ sì tún ń fi iná mànàmáná fa omi wọlé. Kí ibi òdòdó lọ sílẹ̀ ju íńtálọ́ọ̀kì lọ ni ó dára, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kí íńtálọ́ọ̀kì dagẹ̀rẹ́ sí i, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàrin kẹ́ẹ̀bù ní mítà kan-kan kí omi lè wọlé. Bí omi bá dúró níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kó tó wọlẹ̀, kò bí ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn ń fẹ́ omi tó dúró bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀ tí kì í tètè mu omi, ẹ gbẹ́ kòtò bíi mítà kan sísàlẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ da òkúta sí i.

Níbi tí igi bá wà, ẹ fi ó kéré tán mítà kan àbọ̀ níbùú lóròó sílẹ̀ láìtò nǹkan sí i. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn alásè: àdògán kì í wà lórí íńtálọ́ọ̀kì. Iná á dá àpá dúdú sí i, á sì máa bó.

Koríko pẹ̀lú ọ̀nà òkúta

Kò sí èyí tó tutù lójú àti lẹ́sẹ̀ tó o. Àwọn ọmọ lè ṣubú lórí rẹ̀ kí wọ́n dìde máa rẹ́rìn-ín. Òjò rọ̀, ilẹ̀ mu ún.

Méjì ni wọ́n sábà máa ń gbìn níbí. Carpet grass, eléwé fẹ̀ǹfẹ̀, ń fara da ibòòji, àmọ́ ó nífẹ̀ẹ́ omi. Bahama grass, eléwé tẹ́ẹ́rẹ́, ń fẹ́ oòrùn gbangba. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú un á pọ́n, ẹ ó rò pé ó ti kú, òjò àkọ́kọ́ á sì jí i. Àléébù ti Bahama ni pé kì í mọ ààlà. Á wọ inú òdòdó, á gba abẹ́ íńtálọ́ọ̀kì yọ.

Iṣẹ́ ni koríko. Lásìkò òjò, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹ ó máa gé e. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹ bá fẹ́ kó máa tutù, sikuéà mítà kan ń fẹ́ omi lítà 4 sí 5 lójúmọ́. Sikuéà mítà 100 nìyẹn, lítà 400 sí 500, kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 bíi ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, lójoojúmọ́. Ilé tí wọ́n ti ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà kò yẹ kó gbọ́ orúkọ carpet grass sétí. Bí ẹ bá lè gbà kí koríko pọ́n fún oṣù mẹ́rin láìjẹ́ kó dùn yín, Bahama á ṣe é.

Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀. Ẹ dá ọ̀nà táyà méjì fún un, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí àárín èkíní dé àárín èkejì jẹ́ bíi mítà kan àbọ̀, kí koríko wà láàárín. Ó ń dín ilẹ̀ líle kù sí bí ìdajì, ó sì rẹwà lójú tèmi ju kí gbogbo iwájú ilé dà bí ibùdókọ̀ lọ. Fún ẹsẹ̀, ẹ tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ sínú koríko ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀, kí orí òkúta bá ilẹ̀ dọ́gba kí ẹ̀rọ ìgékoríko lè gba orí rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ na kánópì, kò burú, ọjọ́ kan ò pa koríko. Ẹsẹ̀ àga rọ́bà á rì díẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀.

Ẹ tún rántí àwọn ewúrẹ́. Ní àárín ìlú, ní Pàkátà títí dé Òkè-Lélé, ẹranko ń rìn fàlàlà. Koríko tí kò ní géètì tó tì dáadáa, tiwọn ni.

Òkúta wẹ́wẹ́

Àwọn ènìyàn kì í ka èyí sí tó bó ṣe yẹ. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ ti kúárì, èyí tó tóbi tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, sí ilẹ̀ tí wọ́n ti gún. Sẹ̀ǹtímítà 5 tó. Sikuéà mítà 100 á mu mítà kúbíìkì 5, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù méje sí mẹ́jọ. Kò sí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, kò sí yanrìn, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì tó ní bárò àti ráàkì lè parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan sí méjì. Omi gba àárín rẹ̀ wọlẹ̀ láìsí ariwo. Ní ọdún tó ń bọ̀, bí ẹ bá rí owó íńtálọ́ọ̀kì, òkúta náà ò ṣòfò, ẹ ó kó o sí ìdí igi tàbí kòtò omi.

Ẹ fi aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa máa rì sínú ẹrẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rá, ọ̀rá á dá omi dúró. Àpò ìrẹsì náà kì í pẹ́ ya. Kẹ́ẹ̀bù tàbí yangí ni kí ẹ fi dí i létí. Níbi tó bá dagẹ̀rẹ́ gan-an, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà tó wà láàrin òkè, yóò máa ṣí lọ sísàlẹ̀, ẹ má lò ó níbẹ̀. Àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn ò ní fẹ́ràn rẹ̀, kẹ̀kẹ́ aláìlera ò sì lè gba orí rẹ̀; ẹ tẹ́ ọ̀nà íńtálọ́ọ̀kì tóóró kan láti géètì dé ẹnu ọ̀nà fún wọn. Àwọn ọmọ á máa ju òkúta. Àǹfààní kan wà tí àwọn tó ń dá gbé ilé fẹ́ràn: bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lóru, ó ń dún. Olè tó ń yọ́ rìn ò ní fẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ewéko tó bá a mu ni àwọn tí kò fẹ́ omi púpọ̀: ojà-ìkookò, àbámodá, etí-erin (aloe vera), ewé tíì. Ẹ kó wọn jọ sí ojú kan, mẹ́ta sí márùn-ún pọ̀, kò yẹ kí wọ́n wà kátikàti.

Ìdí igi àti pèpéle

Èyí ni bàbá yín ń béèrè. Àgbo ilé àtijọ́ ní Ìlọrin àti ní Ọ̀fà mọ ọ̀ràn yìí kí wọ́n tó máa kọ́ ọ ní yunifásítì: igi kan ní gbàgede, pèpéle nídìí rẹ̀, ilẹ̀ gbígbá yíká. Àárọ̀ ni kéwú, ọ̀sán ni ayò, alẹ́ ni ìpàdé ẹbí. Owó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ, òun ló sì ń dín ooru kù jù fún ilé fúnra rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kò wá láìní àléébù. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá lójoojúmọ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ìdí igi àwọn àgbo ilé tó ti pẹ́, gbòǹgbò ti yọ síta, ìpìlẹ̀ ògiri náà ti hàn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ewé gbígbẹ sí abẹ́ igi, kí ẹ sì fi yangí dí etí rẹ̀ kí àgbàrá má kó o lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ pèpéle yí igi ká, kó jìnnà sí ara igi tó mítà kan, nítorí igi ń sanra. Ẹ má wa ìpìlẹ̀ rẹ̀ yípo, ẹ ó gé gbòǹgbò. Orí òpó kéékèèké mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí ẹ gbé e lé. Ẹ má sì da erùpẹ̀ mọ́ ìdí igi láti fi kún inú pèpéle, èèpo ìdí rẹ̀ á rà. Ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n ní "ó kàn gbẹ" ni wọ́n ti sin láàyè báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i bí sìmẹ́ńtì àti igi ṣe ń gbé pọ̀ láìjẹ pé ọ̀kan pa èkejì, kó wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005, Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí gbé ère àti ògiri sìmẹ́ńtì kalẹ̀ sáàárín igi. Igi ló tóbi jù níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló ń yà fún un.

Ohun kan tún wà tí a fi ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ: omi àlùwàlá. Ilé tí ènìyàn mẹ́fà ti ń ṣe àlùwàlá nígbà márùn-ún lójúmọ́, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo lítà méjì péré, lítà 60 nìyẹn, tí kò ní epo, tí kò ní ọṣẹ. Ẹ gbé ibi àlùwàlá sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó, kí ẹ tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí omi máa wọ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọsàn. Igi méjì sí mẹ́ta lè là á já títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi kọjá láìjẹ pé ẹnikẹ́ni fa ọ́ọ̀sì.

Igi wo, ewéko wo?

Bí ẹ bá ra ilẹ̀ ní ìhà Gànmọ̀ tàbí Ẹyẹnkọ́rin tí ẹ bá igi èmi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tàbí igi igbá tó ń so irú, níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí katapílà kọ́kọ́ wọlé. Ẹ kọ́kọ́ ya ibi tí igi wà sínú àwòrán ilé. Igi èmi tí ẹ gbìn lónìí, ó lè gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó so. Èyí tó wà nílẹ̀ ti parí iṣẹ́ yẹn fún yín, ó sì ti mọ ẹ̀ẹ̀rùn ibí.

Ọdán dára fún ojúde àti ọjà. Nínú pulọ́ọ̀tì kan, gbòǹgbò rẹ̀ á wá ògiri àti sokawé kàn. Máńgòrò ń fẹ́ mítà mẹ́fà sí mẹ́jọ sí ilé, ẹ má sì gbé ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá pọ́n. Dongoyárò ni mo yàn fún ẹni tí kò ráyè: ó ń yára dàgbà, ẹ̀ẹ̀rùn ò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Igi masquerade tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ ò gba àyè, àmọ́ ẹ má retí ibòòji lọ́dọ̀ rẹ̀. Aṣọ ìkélé ni, kì í ṣe agboòrùn.

Fún ọgbà ààyè, làpálàpá tí àwọn mìíràn ń pè ní bọ̀tujẹ̀ ni ewúrẹ́ kì í jẹ. Èso rẹ̀ ní májèlé, torí náà kò yẹ ilé tí àwọn ọmọ kéékèèké wà. Akòko àti pẹ́regún ló kù. Pẹ́regún yìí kan náà ni wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò ní pálọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní Dracaena, tí àwa sì ń fà tu láti fi gbin rósì tí kò ní rí ọyẹ́ kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀. Roberto Burle Marx, ọmọ Bùràsíìlì tó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ṣíṣe ọgbà, Jámánì ló wà ní 1928 nígbà tó rí àwọn ewéko ìlú rẹ̀ nínú ọgbà ìwádìí ewéko kan ní Berlin. Ó padà sílé, ó sì fi wọ́n kọ́ ọgbà tí gbogbo ayé ń lọ wò.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ méjì sí mẹ́ta, tí ìnáwó kì í wọ́n nílé yín: íńtálọ́ọ̀kì láti géètì dé ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ibi kánópì nìkan, ibi òdòdó tó lọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, igi kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn kó máa ṣíji bo yàrá lọ́sàn-án. Ibi àdògán, ilẹ̀ lásán lẹ́yìnkùlé.

Owó ò tíì tó, ilé sì ti fẹ́ wọ̀? Òkúta wẹ́wẹ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan, dongoyárò méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọnkéré tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò tó tàn yín.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun, tí ilé yín ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán ń wà ní títì títí di ọdún iléyá tàbí Kérésì: ẹ má gbin koríko rárá. Òkúta wẹ́wẹ́, ojà-ìkookò, pẹ́regún létí ògiri. Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ́, ẹ fi yangí mọ àkàsọ̀ sí i kí òjò má gbẹ́ ẹ.

Ilé tí àwọn ọmọ kéékèèké wà, tó sì ní kànga tí kì í gbẹ: koríko níwájú, ọ̀nà táyà méjì. Kí ibi koríko má ju sikuéà mítà 60 lọ, kí bíbomirin má bàa di ìjà.

Lẹ́bàá odò Àsà tàbí nísàlẹ̀ òkè, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tó lè mu omi ju ìdajì àgbàlá lọ, ohun yòówù kí bíríkìlà sọ.

Ẹni tó fẹ́yìntì padà sí ilé bàbá rẹ̀, tí igi ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i: pèpéle, òkúta wẹ́wẹ́ sórí gbòǹgbò tó yọ síta, ọ̀nà íńtálọ́ọ̀kì tí ọ̀pá ìtilẹ̀ ò ní yọ̀ lórí rẹ̀. Àyálégbé ní tirẹ̀, kó ra ìkòkò Dada, nítorí ìkòkò ni yóò lè kó lọ.

Èyí tó wù kí ẹ mú, kí iṣẹ́ òkúta parí láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kẹta nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tó ṣeé gún, kí ẹ sì dúró di oṣù karùn-ún tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó gbin ohunkóhun sí i.